Ta Ló Ń Sọ Ìyá Di Ẹni Mímọ́?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ìyá wa jáde láyé lọ́dún tó kọjá, ẹni ọdún 83 ni wọ́n. Ìyàwó kátíkíìsì ni wọ́n, bàbá wa sì ti ṣáájú wọn lọ tipẹ́. Èlùbọ́ ni wọ́n tà títí agbára wọn ò fi gbé igbá mọ́. Kò sí àárọ̀ tí wọn kì í lọ Míísà, kò sì sígbà tí ọmọ ọlọ́mọ kì í sí nílé wa. Mo ka mọ́kànlá tí wọ́n tọ́, yàtọ̀ sí àwa márùn-ún tí wọ́n bí. Obìnrin kan tún wà tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ lé jáde torí pé orí rẹ̀ dàrú. Ọdún mẹ́fà ló fi sùn nínú yàrá ìyá wa. Àwọn ni wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, àwọn ni wọ́n ń gé èékánná rẹ̀.

Nígbà tí a ń sìnkú, Fadá tó wàásù ní ẹni mímọ́ la ń sin lọ́jọ́ náà. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò jẹ́ ká gbádùn mọ́. Wọ́n ti tẹ àlímánáákì tí wọ́n fi òbìrìkìtì ìmọ́lẹ̀ yí orí ìyá wa ká, wọ́n kọ "Ẹni Mímọ́" síwájú orúkọ wọn. Wọ́n tún fẹ́ kọ́ ilé àdúrà kékeré sórí ibojì, kí àwọn èèyàn lè máa wá tan àbẹ́là níbẹ̀. Àbúrò mi ní kò sóhun tó jọ ọ́, pé Òyìnbó àti Sísítà nìkan ni Póòpù máa ń sọ di ẹni mímọ́, àti pé owó ni wọ́n fi ń ṣe é. Èmi ò mọ ẹni tí mo máa gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń sọ obìnrin di ẹni mímọ́ nínú Ìjọ Àgùdà gan-an? Ǹjẹ́ irú ìyá wa lè débẹ̀?

Èmi ni,
Ọmọ Ìyá Elélùbọ́, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN

Ọmọ Ìyá Elélùbọ́, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá. Ẹ̀yìn wọn á dáa. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta, ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ èékánná yẹn ni mo sì ń dúró sí nígbà gbogbo.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí kò lè dúró dọ̀la, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú un kúrò ńlẹ̀. Ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n dá iṣẹ́ orí ibojì yẹn dúró, kí wọ́n sì kó èyí tó kù nínú àlímánáákì náà sínú àpótí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ìyá ló ń ṣe wọ́n. Àmọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ fi gbé ìyá ga yìí gan-an ló lè tilẹ̀kùn mọ́ ìyá. Láti ọdún 1634 ni Póòpù Urban Kẹjọ ti kà á léèwọ̀ pé kí a máa fún òkú ní ọlá ẹni mímọ́ ní gbangba nígbà tí Ìjọ kò tí ì sọ̀rọ̀, òfin náà sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Bí wọ́n bá ń wádìí ọ̀rọ̀ ẹnì kan, Bíṣọ́ọ̀bù tàbí aṣojú wọn á lọ sí ibojì ẹni náà, á dé yàrá tó kú sí, á wò bóyá pẹpẹ wà níbẹ̀, bóyá àwòrán olóbìrìkìtì ìmọ́lẹ̀ wà lára ògiri. Wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, wọ́n á sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá bá irú ilé tí ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ kọ́ yẹn níbẹ̀, ẹsẹ̀ ẹjọ́ náà kò ní kúrò lójú kan.

Ohun tí òfin gbà kò kéré ṣá o. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má ké pe ìyá yín nínú àdúrà, ẹ̀yin nìkan tàbí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ìyá yín nínú pálọ̀. Ẹ lè gbé òdòdó sórí ibojì. Ẹ lè gbé fọ́tò wọn kọ́ ògiri, èyí tí wọ́n wé gèlè sí, láìsí ìmọ́lẹ̀ kankan lórí rẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè yín gan-an. Ẹ rántí àdúrà tó gùn jù lọ nínú àwọn tí Fadá máa ń gbà lórí búrẹ́dì àti wáìnì, èyí tí à ń pè ní ti Róòmù. Apá ìparí rẹ̀ ni wọ́n ti ń pe orúkọ obìnrin méje tẹ̀lé ara wọn: Felicity, Perpetua, Agatha, Lucy, Agnes, Cecilia, Anastasia. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ wọ̀nyẹn, mo sì ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ilẹ̀ Áfíríkà ni ti méjì àkọ́kọ́. Ìlú Carthage, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tunisia lónìí, ni wọ́n ti pa wọ́n lọ́dún 203. Abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú ni Perpetua. Ẹrú ni Felicity, inú ẹ̀wọ̀n ló bímọ sí nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n jù wọ́n sáàárín àwọn ẹranko. Kò sí Póòpù tó kéde wọn. Àwọn tó mọ̀ wọ́n rí bí wọ́n ṣe kú, wọn ò gbàgbé, ọdọọdún ni wọ́n sì ń péjọ láti rántí wọn, títí orúkọ wọn fi wọnú Míísà. Ẹ fi ohun kan sọ́kàn nínú ìtàn wọn, a ó padà débẹ̀: ọwọ́ ara rẹ̀ ni Perpetua fi kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lẹ́wọ̀n sílẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣì ń bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run ló ń sọ èèyàn di mímọ́, àwọn aládùúgbò ló ń kọ́kọ́ rí i, Ìjọ ló ń gbẹ̀yìn wá jẹ́rìí sí i. Nígbà tó yá, ìlú ń pọ̀, ìtàn ń pọ̀, àbùmọ́ sì ń wọ inú ìtàn, ni àwọn Bíṣọ́ọ̀bù bá gba ọ̀rọ̀ náà sọ́wọ́. Lọ́dún 993 ni Póòpù John Kẹẹ̀ẹ́dógún kéde Ulrich, Bíṣọ́ọ̀bù Augsburg ní Jámánì, ní Ẹni Mímọ́. Lọ́dún 1234 ni òfin sọ ọ́ di ti Póòpù nìkan. Lọ́dún 1588 ni Póòpù Sixtus Karùn-ún dá ọ́fíìsì tó ń bójú tó o sílẹ̀ ní Róòmù, òfin tí a sì ń lò lónìí, Póòpù John Paul Kejì ló tún un ṣe lọ́dún 1983.

Ìjọ máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, mo sì gbà pé ó sàn bẹ́ẹ̀, torí Ìjọ náà ti ṣi obìnrin kan dá lẹ́jọ́ rí, lọ́nà tó burú. Ilé ẹjọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù jókòó lé lórí ló dá Joan ará ilẹ̀ Faransé lẹ́bi pé aládàámọ̀ ni, wọ́n sì dáná sun ọmọbìnrin náà ní Rouen lọ́dún 1431. Ọdún 1456 ni wọ́n tó fagi lé ìdájọ́ náà. Ọdún 1920 ni wọ́n tó kéde rẹ̀ ní Ẹni Mímọ́.

Bí mo bá ní kí n máa ka òfin fún yín, á sú yín. Ẹ jẹ́ kí n mú obìnrin kan, ká jọ tẹ̀ lé e.

Ní nǹkan bí ọdún 1869 ni wọ́n bí i ní abúlé kan ní Darfur, ní ilẹ̀ Sudan. Kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí àwọn ajínigbé fi gbé e lọ. Ẹ̀rù bà á débi pé orúkọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ sọ ọ́ fò lọ lórí rẹ̀, kò sì rántí rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Àwọn tó jí i gbé ló sọ ọ́ ní Bakhita, ìyẹn Olóríire lédè Lárúbáwá. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà. Nílé ọ̀gágun Tọ́kì kan, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n fi abẹ ya ara rẹ̀ lójú 114, láyà, níkùn, lápá, wọ́n sì fi iyọ̀ ra ojú abẹ náà kó má baà jiná dọ́gba. Àwa náà mọ ilà, a mọ gbẹ́rẹ́. Ilà ń sọ ilé tí ọmọ ti jáde, gbẹ́rẹ́ ń wá ìwòsàn. Èyí tí wọ́n kọ sára ọmọ yìí kò sọ ju pé ó ní ẹni tó ni ín.

Aṣojú ìjọba Ítálì kan rà á lọ́dún 1883, ó sì bá a dé Ítálì lọ́dún 1885. Níbẹ̀ ni ó ti fà á lé ìdílé mìíràn lọ́wọ́ láti máa tọ́jú ọmọ wọn. Nígbà tí ìyá ọmọ náà fẹ́ rìnrìn àjò, ó fi àwọn méjèèjì sọ́dọ̀ àwọn Sísítà Canossa ní Venice. Nígbà tó padà wá mú wọn, Bakhita ní òun ò lọ mọ́. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kọkànlá, 1889, wọ́n dájọ́ pé òmìnira ni. Ó ṣèrìbọmi ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sọ ọ́ ní Josephine. Lọ́dún 1896 ló jẹ́jẹ̀ẹ́ Sísítà.

Láti ọdún 1902 ló ti wà ní ìlú Schio. Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀? Ó ń se oúnjẹ. Ó ń ṣe aṣọ pẹpẹ lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ń ṣílẹ̀kùn. Bí àwọn ọmọ bá ń wọlé síléèwé lówùúrọ̀, á gbọ́wọ́ lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, á rọra fọwọ́ pa wọ́n lórí. Ọwọ́ tí wọ́n fi abẹ ya yẹn náà ni. Ìyá Dúdú ni àwọn ará ìlú ń pè é. Kò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò kọ́ ilé ìwòsàn.

Ẹ rántí ohun tí Perpetua kọ lẹ́wọ̀n, torí ibi tó ṣe pàtàkì jù fún yín nìyí. Lọ́dún 1910, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní kó sọ ìtàn ayé rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ lẹ́nu, Sísítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́dún 1931 ni wọ́n fi ìtàn rẹ̀ ṣe ìwé. Ká ní ẹnikẹ́ni ò mú gègé lọ́dún 1910 yẹn ni, tí ìyá yìí bá kú, tí àwọn ọmọ tó gbọ́wọ́ lé lórí bá kú tẹ̀lé e, ta ni ì bá rántí? Ó kú ní ọjọ́ 8, oṣù Kejì, 1947. Wọ́n ṣí ẹjọ́ rẹ̀ lọ́dún 1959. Lọ́dún 1978 ni Póòpù fọwọ́ sí i pé ìwà rẹ̀ jẹ́ ìwà akọni nínú ìgbàgbọ́, lọ́dún 1992 wọ́n kéde rẹ̀ ní Alábùkúnfún, ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, 2000, wọ́n kéde rẹ̀ ní Ẹni Mímọ́. Ọdún 53 ni gbogbo rẹ̀ gbà lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Nínú òfin tòní, ọdún márùn-ún gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn ikú kí wọ́n tó ṣí ẹjọ́, kí ọkàn lè balẹ̀, kí ariwo ìsìnkú sì lọ sílẹ̀. Póòpù lè yọ̀ǹda kó má tó bẹ́ẹ̀. Bó ṣe rí fún Ìyá Teresa ti Calcutta nìyẹn: oṣù Kẹsàn-án 1997 ló kú, ọdún méjì kò tí ì pé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó sì di Ẹni Mímọ́ lọ́dún 2016. Bíṣọ́ọ̀bù ibi tí ẹni náà kú sí ló ń ṣí ẹjọ́. Ẹni tó ń béèrè fún un lè jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́, tàbí ọmọ Ìjọ kan ṣoṣo, òun ló sì máa yan alágbàwí tí á máa bá ẹjọ́ náà kiri. Bíṣọ́ọ̀bù á béèrè lọ́wọ́ Róòmù bóyá ohun ìdíwọ́ wà. Bí kò bá sí, tí wọ́n sì ṣí ẹjọ́, Ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n á máa pe olóògbé láti ìgbà náà lọ.

Wọ́n á wá kó gbogbo ohun tó kọ jọ, lẹ́tà, ìwé ìnáwó, ohunkóhun. Wọ́n á pe ẹlẹ́rìí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, á búra, wọ́n á bi í ní ìbéèrè. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ náà ń bẹ lára ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ pè. Ohun tí wọ́n ń wá ni ìgbàgbọ́, ìrètí, ìfẹ́, làákàyè, òdodo, ìfaradà àti ìkóra-ẹni-níjàánu, tó ga ju ti èèyàn lásán lọ, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rọ̀ ńlá ni gbogbo rẹ̀ lórí ìwé, àmọ́ bí wọ́n bá débi ìyá yín, mo mọ ibi tí òdodo á ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á lọ sọ́jà. Wọ́n á bi àwọn tí wọ́n jọ ta èlùbọ́: ṣé wọn ò lu ìdí kóńgò wọn wọnú? Nígbà tí èlùbọ́ wọ́n, ṣé wọ́n ṣì ń bù ú kún kó rí ṣóńṣó? Ta ló jẹ wọ́n lówó tí kò san, kí ni wọ́n sì ṣe fún un? Wọ́n á bi ẹ̀yin ọmọ wọn bóyá inú máa ń bí wọn, àti bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tó bá bí wọn.

Wọ́n á di gbogbo ẹ̀rí yẹn sínú àpótí, wọ́n á lù ú ní òǹtẹ̀, ó di Róòmù. Wọ́n á fi ṣe ìwé ńlá kan níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa Ọlọ́run mẹ́sàn-án á kà á, wọ́n á dìbò. Á dé ọ̀dọ̀ àwọn Kádínà àti Bíṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn náà Póòpù. Bí Póòpù bá fọwọ́ sí i, ó di Ẹni Ọ̀wọ̀. Títí dé ìgbà yẹn, ẹnu èèyàn ló ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìjọ á dúró de àmì láti ọ̀run: iṣẹ́ ìyanu kan kó tó di Alábùkúnfún, òmíràn lẹ́yìn ìyẹn kó tó di Ẹni Mímọ́. Ajẹ́rìíkú nìkan ni kì í nílò ti àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí Sísítà Anuarite ọmọ Kóńgò, tí sójà ọlọ̀tẹ̀ kan pa ní Isiro lọ́dún 1964 torí ó kọ̀ láti bá a sùn, fi di Alábùkúnfún ní Kinshasa lọ́dún 1985 láìsí iṣẹ́ ìyanu tí wọ́n gbé yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìyanu yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú tín-ín-rín, ẹ sì jẹ́ kí n fi ará ìlú tó sún mọ́ wa ṣàlàyé rẹ̀. Orúkọ Àgùdà tí à ń jẹ́ yìí, ara àwọn èèyàn wa tó ti oko ẹrú Brazil padà dé la ti rí i, Bahia ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti wá. Ní Salvador, olú ìlú Bahia, ni wọ́n bí Sísítà Dulce sí lọ́dún 1914. Lọ́dún 1949, ó ní nǹkan bí 70 aláìsàn lọ́rùn, kò sì ríbi kó wọn sí. Ó tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ, ó tọrọ ilé adìẹ ẹ̀gbẹ́ ilé àwọn Sísítà. Wọ́n fún un. Ó gbá a, ó fọ̀ ọ́, ó tẹ́ aláìsàn síbẹ̀. Orí ilẹ̀ yẹn ni ilé ìwòsàn ńlá Santo Antônio dúró sí lónìí, tó ń tọ́jú aláìní lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kú lọ́dún 1992.

Ọkùnrin ọmọ Brazil kan wà tí kò ríran fún ọdún 14. Lóru ọjọ́ kan lọ́dún 2014, ojú ń ro ó burúkú. Ó mú àwòrán Dulce, ó fi lé ojú, ó ní kó bá òun bẹ Ọlọ́run kí ìrora náà lọ sílẹ̀. Kò tọrọ ìríran. Nígbà tó yá, ó ríran. Irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í lọ tààrà sọ́dọ̀ Fadá ní Róòmù. Ọ̀dọ̀ àwọn dókítà méje ló ń lọ. Ó kéré tán, márùn-ún nínú méje gbọ́dọ̀ gbà pé ìmọ̀ ìṣègùn kò ní àlàyé fún un, pé ó ṣẹlẹ̀ lójijì, pé ara ẹni náà yá pátápátá, àìsàn náà kò sì padà. Dókítà kì í pè é ní iṣẹ́ ìyanu. Tiwọn ni kí wọ́n sọ pé àwọn ò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa Ọlọ́run ló máa wá bi ẹni náà pé: ta lo ké pè? Bó bá ṣe pé ẹni mímọ́ mẹ́fà ló pè lóru kan náà, wàhálà dé, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó bá a bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀rí ti ọkùnrin yìí dúró, Póòpù Francis sì kéde Dulce ní Ẹni Mímọ́ ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹwàá, 2019.

Mo dé ọ̀dọ̀ àbúrò yín wàyí. Kò parọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Sísítà pọ̀ nínú wọn lóòótọ́, ó sì ń dùn mí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí Sísítà bá kú, ẹgbẹ́ rẹ̀ ò kú. Wọ́n ní ilé, wọ́n ní àpótí ìwé, wọ́n ní ẹni tó lè lo ogójì ọdún lórí ẹjọ́ kan, bí òun náà bá sì kú, òmíràn á gbà á. Kí ni ìyá ọlọ́mọ ní? Ọmọ tó mọ̀ ọ́n, ọmọ-ọmọ tó gbọ́ nípa rẹ̀, lẹ́yìn náà orúkọ lára ibojì. Mi ò gbà láé pé ìwà mímọ́ pọ̀ nílé Sísítà ju nílé alágbo ọmọ lọ. Ìwé ló pọ̀ níbẹ̀.

Àwọn ìyá ọlọ́mọ tó débẹ̀ wà. Gianna Beretta Molla, dókítà ni, ará Ítálì. Oyún ọmọ kẹrin ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n rí ìju nínú ilé ọmọ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n yọ ìju náà, kí wọ́n dá ọmọ òun sí. Ó bí ọmọ náà ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹrin, 1962, ó kú lẹ́yìn ọjọ́ méje. Lọ́dún 2004, nígbà tí wọ́n ń kéde rẹ̀ ní Róòmù, ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ tó bí yẹn náà wà níbẹ̀. Victoire Rasoamanarivo ọmọ Madagascar, obìnrin ilé ọkọ tó fara da ọkọ ọ̀mùtí, tó sì di ṣọ́ọ̀ṣì mú nígbà tí wọ́n lé àwọn Fadá kúrò nílùú, di Alábùkúnfún lọ́dún 1989. Zélie Martin ará Faransé ló tún jọ Màmá yín jù lójú mi, torí oníṣòwò ni: ó ń ṣe léèsì tà, ó sì ń tọ́mọ. Wọ́n kéde òun àti ọkọ rẹ̀ Louis pọ̀ lọ́jọ́ kan náà lọ́dún 2015. Báwo ni wọ́n ṣe mọ bó ṣe ń bá ọmọ wí, bó ṣe ń bẹ̀rù gbèsè, bó ṣe fara da àìsàn jẹjẹrẹ ọmú tó pa á lọ́dún 1877? Lẹ́tà tó kọ sí àwọn ẹbí rẹ̀, tó lé ní 200, ló wà nílẹ̀.

Ti owó, òótọ́ ni pé owó ń lọ síbẹ̀: ìwádìí, ìtumọ̀ èdè, ìwé títẹ̀, ìrìn àjò. Ẹni tó béèrè fún ẹjọ́ náà ló ń gbé e. Owó kò lè ra ìbò dókítà, ṣùgbọ́n àìlówó lè dá ẹjọ́ dúró, Ìjọ sì mọ̀. Lọ́dún 2016 ni Póòpù Francis gbé òfin jáde lórí bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ owó náà, àpò ìrànwọ́ sì wà fún àwọn tí kò ní. Ní Nàìjíríà tiwa, Fadá Cyprian Michael Iwene Tansi nìkan ló ti di Alábùkúnfún, lọ́dún 1998, ní Oba lẹ́bàá Onitsha. Kò tí ì sí obìnrin wa kankan tó dé ipele yẹn. Kò lè jẹ́ pé kò sí wọn. Ẹ̀yin fúnra yín bá ọ̀kan gbélé.

Nítorí náà, ǹjẹ́ irú Màmá lè débẹ̀? Kò sí nínú òfin tó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin àti èmi má rí òpin rẹ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá, tó jẹ́ ọjọ́ gbogbo Ẹni Mímọ́, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ wà lára ẹni tí Ìjọ ń bọlá fún lọ́jọ́ náà. Ìyẹn ti di ti Màmá, bí a bá fi ẹ̀rí yín ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ káwọ́ gbera. Ọdún márùn-ún kò tí ì pé, iṣẹ́ sì wà tí ẹ lè ṣe kó tó pé.

Ẹ ra ìwé líle kan. Ẹ wá àwọn ọmọ mọ́kànlá tí Màmá tọ́ yẹn, níbikíbi tí wọ́n bá wà. Kí kálukú kọ ohun tó rí fúnra rẹ̀, kó kọ ọjọ́ sí i, kó fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò lè kọ, kó sọ ọ́, kí ẹlòmíì kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jókòó papọ̀ fi ẹnu kò. Bí ẹnì kan bá ní Màmá na òun láìṣẹ̀ rí, ẹ kọ ọ́. Ẹ lọ bá àwọn tí wọ́n jọ ń tajà, torí àgbà ni wọ́n, ọjọ́ sì ń lọ. Ẹ tọ́jú ìwé gbèsè Màmá, bí wọ́n bá ní. Ìwé tẹ́nì kankan ò bá fowó tì, tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú àpótí yín, lè gba ibi tí ilé orí ibojì kò lè gbà.

Ẹlẹ́rìí kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ wá ṣáájú gbogbo wọn. Àwọn èèyàn á ní kí lẹni tí orí rẹ̀ dàrú lè sọ. Ẹ má dá wọn lóhùn. Òun ló sùn ní yàrá kan náà pẹ̀lú Màmá fún ọdún mẹ́fà, ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí gbogbo ilé bá sùn. Ẹ sọ fún mi bí wọ́n ṣe lé e jáde nílé ọkọ, ẹ sọ bó ṣe dé ọ̀dọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ibi tó wà láti ìgbà tí Màmá ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé padà sí mi. Ta ló ń gé èékánná rẹ̀ báyìí?